Mo Ní Ó Ń Gun Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ mi síbẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, mo sì ti rí ọmọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi ò gbọ́ ọ rí. Àlùfáà ìjọ wa ò gbọ́ ọ rí. Mo ti ń gbé e kiri láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Mo lọ́wọ́ nínú ikú ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Mi ò bá a jà, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Oògùn ni mo fún un, mo wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi bo ikú mọ́lẹ̀ títí ikú fi ṣe tán. Ìyá tó bí i ṣì wà láyé. Ohun tí ìyá náà sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n máa pe ọ̀rẹ́ mi ní Kọ́lá. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Ìdó-Ilé ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ilé ìwé girama kan náà la lọ, bẹ́ǹṣì kan náà la sì jókòó sí. Kọ́lá mọ ìṣirò. Èmi mọ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa fún nǹkan lórúkọ. Bí mo bá sọ tíṣà kan lórúkọ ní ọjọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Ẹtì gbogbo kíláàsì á ti máa pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ náà á ti máa fi rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ẹnu mi dùn, mo sì mọ̀ pé ó dùn. Ìyàlẹ́nu ni pé wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi mú ọ̀ràn bá.

A ti ṣe ìdánwò àṣejáde nígbà náà, à ń retí èsì. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe àáró: bí a bá ṣiṣẹ́ ní oko bàbá mi lónìí, oko bàbá Kọ́lá ló kàn, títí yóò fi yí ká. Àsìkò kòkó ni. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kòkó rí mọ̀ pé kò sí ẹ̀yìn tí kì í ro. A ó já a, a ó kó o jọ, a ó fọ́ ọ, a ó ru apẹ̀rẹ̀ tó ń kán omi sí wa lọ́rùn. Bí a bá délé, ẹlòmíì nínú wa ò ní lè na apá mú ife omi.

Ọ̀kan nínú wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Délé, ní ẹ̀gbọ́n tó ń bá ọkọ̀ agbégi lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ló ti rí àwọn hóró oògùn kan. Mi ò ní dárúkọ oògùn náà níbí. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé òun ni dókítà fi ń mú aláìsàn sùn. Ohun tí àwa mọ̀ nígbà yẹn ni pé bí a bá fi ẹmu gbé e mì, ìrora á lọ, ara á fúyẹ́, a ó sì máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ohun tuntun ni, ó ń fẹ́ orúkọ. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n láyé ìgbà yẹn, ẹ ó rántí bí lọ́rí tó ru ẹrù ṣe máa ń gun òkè náà. Á máa kérora, á máa bú, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí agbára tán fún, á tún bú. Ọmọ ọkọ̀ á máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn, igi wẹ́ẹ̀jì á wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Bó bá dé orí òkè tán, ariwo náà á rọlẹ̀, èrò inú ọkọ̀ á mí kanlẹ̀, wọ́n á dúpẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mú orúkọ. Ẹni tó bá lo oògùn náà, a ó ní ó ti wọkọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tàsé, a ó ní ó ń wá jíà. Bó bá bì, a ó ní ó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Bó bá sùn lọ tó ń hanrun, a ó ní ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Bí híhanrun náà bá wá dákẹ́, a ó ní ó ti gùn ún. Mo tún fi òfin kan lé e, pé a kì í bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá sùn, ẹ fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn orúkọ yẹn. Kò sí ọ̀kan tó jọ àìsàn nínú wọn. Èébì ti di ẹrù tí wọ́n ń sọ̀. Ẹni tí kò lè dìde ti di ẹni tó ń rìnrìn àjò. Mo mú gbogbo ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù, mo sọ ọ́ di ẹ̀rín. Mo rò pé àwọn ẹlòmíì nìkan là ń bò ó fún, kí àwọn òbí wa má baà gbọ́. A ò mọ̀ pé ara wa là ń tàn.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, oko bàbá Kọ́lá ló kàn. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí Arámọkọ nítorí ọ̀rọ̀ kòkó títà, ìyá rẹ̀ ló wà lóko pẹ̀lú wa. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, olórin nínú ìjọ. Ó ti sun iṣu sílẹ̀ fún wa kí a tó dé, ó sì gbà wá bí ẹni gba ọmọ tirẹ̀.

A lọ sẹ́yìn igi, bí ìṣe wa, a pín oògùn náà. Kọ́lá lo èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní ẹrù rẹ̀ ló wúwo, pé ẹ́ńjìnnì kékeré kò lè gbé e gòkè. Mo da sí i lọ́wọ́ láti inú tèmi. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kò ní ṣe mí?"

Mo ní, "Kí ni yóò ṣe ọ́? Ṣebí ọkọ̀ lásán lo fẹ́ wọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, ó fi ẹmu lé e, ó sì ki ìyókù sápò. Ká ní mo sọ fún un pé, "Oògùn oorun nìyí, bó bá pọ̀ lára ènìyàn, ó lè pa á," mo mọ̀ pé Kọ́lá ò bá dà á nù. Òun ló mọ ìṣirò nínú wa. Ṣùgbọ́n èmi pàápàá ò ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo ní.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kòkó. Nígbà tó yá, ọwọ́ Kọ́lá ń wálẹ̀, ó gé ìka ara rẹ̀ díẹ̀, kò sì mọ̀. A ní ó ń wá jíà. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn, ó lọ sínú ahéré, ó sùn sórí ẹní. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe híhanrun tí ènìyàn máa ń han. Ó ń fà, ó ń gúnlẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń fà. Délé dìde pẹ̀lú èèpo kòkó lọ́wọ́, ó ń ṣe bí ọmọ ọkọ̀ tó fẹ́ fi wẹ́ẹ̀jì sábẹ́ táyà. Ẹ̀rín pa wá débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Yèyé wà lápá kejì, ó ń kó èso kòkó sínú apẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ariwo náà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ inú ahéré. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Kò wo àwọn yòókù. Èmi ló wò, nítorí èmi ni ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, èmi sì ni wọ́n máa ń sọ pé orí mi pé.

Ó ní, "Mímí rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ bomi sí i lójú kó jí."

Omi ti wà ní igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kì í ṣe nítorí ẹ̀mí Kọ́lá. Mo ń bẹ̀rù pé bó bá jí i, Kọ́lá á sọ ìsọkúsọ, Yèyé á gbóòórùn ẹmu lẹ́nu rẹ̀, àṣírí wa á tú. Mo sì gbà gbọ́, mo búra fún yín, pé orí òkè ló wà, pé yóò sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Uṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, Yèyé. Ẹ jẹ́ ó sùn. Bí ẹ bá jí i, orí á máa fọ́ ọ."

 Ó gbé igbá omi yẹn sílẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó wọlé, ó dà á bo Kọ́lá nítorí eṣinṣin, ó padà sídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ariwo náà ń lọ. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́. Mo yíjú sí Délé, mo ní, "Ó ti gùn ún." A tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Yèyé mú iṣu sísun lọ fún un. A gbọ́ tó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń pè é léraléra, bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní òdì kejì odò. Mo sáré wọlé. Ètè Kọ́lá ti dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tutù. Yèyé sáré jáde láti ké sí àwọn tó wà ní oko ìtòsí. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú ahéré, ohun tí mo sì ṣe ni pé mo ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, mo kó hóró oògùn tó kù níbẹ̀, mo lọ bò ó mọ́lẹ̀ sínú òkìtì èèpo kòkó. Mi ò kọ́kọ́ sunkún. Àpò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó ti pẹ́. Ní ilé, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Àwọn kan ní oòrùn ló pa á, àwọn kan ní ejò ni, àwọn kan ní ayé ni. Kò sẹ́ni tó bi àwa mẹ́ta léèrè ohunkóhun. Ọmọ dáadáa ni wá, ọmọ ìjọ.

Bàbá Kọ́lá ti Arámọkọ dé. Gbogbo wa wà nílẹ̀ nínú pálọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ròyìn fún un. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Wọ́n ní ẹni tó sùn là á jí. Ùwọ rí ẹni tó sùn, o da aṣọ bò ó."

Yèyé gbójú sókè, ó wò mí. Mo ti múra sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa sọ pé, "Ọmọ yìí ló ní kí n má jí i." Ó wò mí, ó tún gbójú sílẹ̀. Kò dárúkọ mi. Mo mí kanlẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní ìyá tó da aṣọ bo ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ ò lé e, àmọ́ kò bá a jẹun mọ́. Nígbà tó pẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjerò. Ibẹ̀ ló wà títí ọkọ fi kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án nínú ilé yẹn. Bí ọmọ ìkókó bá sùn, Yèyé á máa fọwọ́ kàn án títí yóò fi sunkún. Wọ́n ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú wọn.

Èmi lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Délé ti kú. Ẹnì kẹta wa wà lókè òkun, a kì í sọ̀rọ̀. Ọdọọdún, bí Kérésìmesì bá dé, mo máa ń gbé ìrẹsì àti adìyẹ lọ fún Yèyé ní Ìjerò. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé mo jẹ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́. Mo máa ń gbà á.

Nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, a lọ sí ibi ìsìnkú kan ní Ìjerò. Mo yà sẹ́yìn ilé, mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n yí ẹnì kan ká. Ó nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n ń fi fóònù yà á. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, ó ní, "Kò sí nǹkan, sà. Ó ti wọ ayé tirẹ̀ lọ ni. Ẹ jẹ́ kó gbádùn ara ẹ̀."

Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Ó ń fà, ó ń gúnlẹ̀, ó ń dúró.

Mi ò mọ bí mo ṣe dórí ilẹ̀. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo nu ẹnu rẹ̀, mo ń gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, mo ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. A gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní díẹ̀ ló kù. Ó yè. Ìyá rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí jáde, wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ pé ikú ni, kì í ṣe oorun. Mo dúró níwájú ìjọ Ọlọ́run, mo ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi hàn mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Yèyé. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti darúgbó gan-an báyìí, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé o jí ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́run á jí ọ ní ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀. Ká ní mo gbọ́n báyìí nígbà ti Kọ́lá."

 Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀ rí pé ùwọ lo ní kí n jẹ́ ó sùn. Ọmọdé ni ọ́. Ọmọ kan ti lọ nínú ulé, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ojú burúkú wo èkejì. Èmi ni àgbàlagbà, èmi ló yẹ kí n jí i."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá yìí ti fi ara rẹ̀ bò mí láti ọjọ́ tí mo ti pa á lọ́mọ. Ó gba orúkọ burúkú, ó pàdánù ilé ọkọ, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìka tọ́ mi. Èmi sì ń gbé adìyẹ lọ fún un lọ́dọọdún.

Ó ní kò pẹ́ mọ́ tí òun máa lọ bá Kọ́lá, pé òun ò fẹ́ kó bi òun léèrè ohun tó fà á tí òun ò fi jí i. Nítorí pé èmi náà máa ń gbàdúrà nínú ìjọ, ó ní kí n bá òun tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó gbìyànjú, ó kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Mo gba àdúrà náà. Mo fi ẹnu mi yìí sọ fún Ọlọ́run pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá yìí jì í. Ó ṣe àmín pẹ̀lú omijé.

 Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé bí mo bá sọ fún un, ṣé kò ní pa á? Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bà á lọ́kàn jẹ́. Nígbà míì, mo tún máa ń rò ó pé ara mi ni mo fẹ́ tù, pé mo fẹ́ sọ ẹrù mi lé arúgbó lórí kí n lè sùn. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ pè mí lánàá. Ó ní Yèyé sọ pé ọkàn òun ò tíì balẹ̀, pé ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà yẹn, kí n jọ̀ọ́ wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn kí a tún un gbà. Mo ti ní màá wá. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ náà. Bí ó bá ti fẹ́ kúnlẹ̀, kí ni kí n sọ tí kò fi ní kúnlẹ̀?